Àdúrà Ọwọ́ Kan Lórí Títì Àgbékọ́

Kí Mojírádé Akíntọ́mìdé tó dé ilé ẹjọ́ ìrìnnà ní Òkè-Kẹta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ títì ti wá mú un láti ìrọ̀lẹ́ àná gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí àárín àgbàlá, níbi tí ó ti dorí fìtílà rẹ̀ méjèèjì kodò bí ọmọ tí a bá wí níwájú àlejò. Àwòdì ni Mojírádé sọ ọ́. Bí ó ti rí ọ̀gá rẹ̀, ó kí i, ó béèrè bóyá ó sùn dáadáa, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí òun, nítorí òtítọ́ nìkan ni òfin fún ọkọ̀ láyè láti sọ. Mojírádé fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní òun kò bínú. Lóòótọ́, kì í ṣe ìbínú ló wà nínú rẹ̀. Ìkánjú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbébì kan, nítorí pé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, yálà kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ gba orí afárá tuntun kọjá sí Òkè-Keje, tàbí kí ó má sí ọkọ̀ kan mọ́ ní gbogbo ìlú tí yóò gbọ́ràn sí ọwọ́ rẹ̀.

Orí òkè méje ni ìlú náà dúró lé. Títì àgbékọ́ ti so mẹ́fà nínú wọn pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn títì gbọọrọ tí ó rọ̀ láti orí àpáta dé orí àpáta bí okùn aṣọ. Òkè-Keje nìkan ni ọ̀gbun jíjìn kan yà sọ́tọ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pọ́n àpáta bí ọ̀bọ kí wọ́n tó rí ojú ará ìlú yòókù. Nísinsìnyí afárá ti parí, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò sì ṣí i. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tí yóò kọ́kọ́ la ọ̀nà tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìhà méjèèjì tí ọ̀nà náà so pọ̀, kí ọ̀nà má baà ka ìhà kan sí àjèjì. Ará Òkè-Kẹfà ni bàbá Mojírádé; ará Òkè-Keje ni ìyá rẹ̀, ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ náà sì ń bẹ lókè lọ́hùn-ún, arúgbó tí orúnkún rẹ̀ kò lè pọ́n àpáta mọ́. Àwọn àgbà òkè méjèèjì ti fi ẹnu kò pé Mojírádé ni. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ní ayé ìgbà náà. Awakọ̀ yóò jókòó, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, ọkọ̀ yóò sì máa wo ìka rẹ̀ bí ajá ọdẹ ti ń wo ọ̀gá rẹ̀: ìka kan síwájú, ó lọ, àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó dúró. Ìdí nìyí tí ìjọba kò fi gba owó ìtanràn mọ́. Eré ẹni ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi eré àsápajúdé, ìtanràn ìgbín ni tirẹ̀: títí ọdún yóò fi yípo, ọkọ̀ yòówù tí ó bá wọ̀ kò ní lè yára ju arúgbó tí ń fẹ̀yìn rìn lọ. Ẹni tí ó bá sì jẹ̀bi ìpínyà ọkàn, ìyẹn ẹni tí ó jẹ́ kí ọkàn òun kúrò lójú títì, wọn yóò pa ọwọ́ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìrántí gbogbo ọkọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Amòfin Akínlàlú ń bá a sọ láti ilé ni èyí. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni amòfin náà, bàbá onírùngbọ̀n funfun tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí ó sì gbọ́n bí ìjàpá. Ó ti ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, pé kí ó gbà pé òun sáré, kí ó tọrọ àforíjì, kí ó gba ìtanràn ìgbín, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Ti afárá yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò kù fún un. Bí ó bá wá la ẹnu pé òun kò mọ̀ pé òun sáré, adájọ́ yóò béèrè ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

"Mojí, ọmọ mi," ni bàbá náà wí lẹ́nu ọ̀nà, "làpálàpá ni eré àsápajúdé. Ẹ̀tẹ̀ ni ìpínyà ọkàn. Má bọ́ làpálàpá sílẹ̀ kí o wá gbé ẹ̀tẹ̀ wọ̀."

"Bàbá, èmi kò kúkú pàṣẹ eré."

"Mo mọ̀. Òtítọ́ ni. Jọ̀wọ́, fi òtítọ́ náà sínú."

Wọ́n wọlé. Àwọn ènìyàn ti kún inú gbọ̀ngàn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ó ti gba ìtanràn ìgbín ní àná, tí wọ́n wá wo bí ẹni tí ó kọ̀ láti gbà yóò ti ṣe é. Adájọ́ Àbẹ̀kẹ́ Olúmúyìwá yọ láti inú yàrá rẹ̀, ìyá àgbà tí ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ojú rẹ̀ kò gbà fún àwàdà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ran an lọ́wọ́ mọ́, nítorí náà orí àga tí ń rìn ni ó máa ń jókòó sí, àga náà sì ń tẹ̀ lé ìka rẹ̀ wọ́ọ́rọ́-wọ́ọ́rọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti ń tẹ̀ lé ti awakọ̀. Gbogbo ilé dìde, wọ́n kí i, wọ́n jókòó.

Olùpẹ̀jọ́ ìjọba kò wọlé, nítorí kò ní ara tí yóò gbé wọlé. Ojú-Títì ni wọ́n ń pè é. Inú ògiri ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti olùkọ́ àgbà, ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ gún ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn lọ. Ó kí adájọ́ bí ó ti yẹ, ó ka ẹ̀sùn náà jáde, ó sì pe Àwòdì láti inú àgbàlá pé kí ó sọ ohun tí ó rí.

Ọkọ̀ náà jẹ́rìí láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó ní àwọn ń lọ jẹ́jẹ́ lórí títì láàrin Òkè-Kẹrin àti Òkè-Karùn-ún, ọwọ́ ọ̀gá òun sì wà lórí orúnkún. Lójijì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra, ó yí po lókè orí, ó sì nà síwájú pẹ̀lú ìka títa. Òun mọ àṣẹ náà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe òun, nítorí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin, níbi tí wọ́n ti ń yí pàṣán lókè orí kí ẹṣin lè ki eré mọ́lẹ̀. Àṣẹ àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ni, ẹni tí ń lọ sí ẹnu iṣẹ́ kì í lò ó. Ó ya òun náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ í jẹ́, òun sì sá débi tí agbára òun mọ.

Adájọ́ yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Mojírádé. Ó béèrè bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ náà. Mojírádé ní òun ni. Ó béèrè bóyá eré ni ó ń fẹ́ sá. Amòfin Akínlàlú rọra wúkọ́, ikọ́ tí ó túmọ̀ sí pé kí ó gbà, kí ó jókòó.

Mojírádé wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí ìyá àgbà rẹ̀ lójú inú, tí ó jókòó sí eteetí afárá láti àárọ̀. Ó tún rí ọjọ́ burúkú náà: òjò tí ó rọ̀ mọ́jú, tí àgbàrá fi kún ihò abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ adóòlà-ẹ̀mí ń gbà, àwọn tí àwọn baba wọn ń pè ní áńbúláǹsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ihò náà, kò sí ọmọ tí ó dàgbà ní ìlú yìí tí ó tún fi ojú rí ọkọ̀ adóòlà lórí títì. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé aláìsàn kọjá, àwọn tí ń bẹ lókè kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Àfi ní ọjọ́ yìí tí ọkọ̀ funfun kan là jáde láti inú omi, tí ó gun orí títì àgbékọ́, tí ó ń ké bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbà pé eré ni òun ń fẹ́ sá, irọ́ ni yóò jẹ́ ní gbangba, níwájú ọkọ̀ tí kò lè purọ́. Ó sì rántí pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

"Olúwa mi," ni ó wí, "èmi kò pa àṣẹ kankan. Àdúrà ni mo gbà."

Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀: bí ọkọ̀ adóòlà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, bí òun kò ti mọ ìgbà tí ọwọ́ òun kúrò lórí orúnkún, bí òun ti yí i po orí tí òun sì ta ìka dànù, tí òun wí pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí Ó má jẹ́ kí ẹni náà kú, kí Ó má sì jẹ́ kí ojú òun rí irú rẹ̀ nílé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá òun náà ti ń ṣe. Nígbà tí òun yóò fi gbé ojú sókè, àwọn òpó títì ti ń fò kọjá bí ẹyẹ.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ojú-Títì fi ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ wí pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ arábìnrin náà fún òtítọ́ rẹ̀, àti pé òun ń fi ẹ̀sùn ìpínyà ọkàn kún ti àkọ́kọ́. Ó ní kò sí ẹni tí ó ní kí awakọ̀ má ṣàdúrà, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Amòfin Akínlàlú fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ṣùgbọ́n ìjàpá kì í pẹ́ nínú ìkarahun. Bí bàbá náà ti wà níbẹ̀, ó gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbọ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó sì bẹ ilé ẹjọ́ pé kí Ojú-Títì fi àwòrán gbogbo àwọn tí ó sá eré àsápajúdé lọ́jọ́ náà hàn lára ògiri, kí ó fi wọ́n hàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fi ohun tí wọ́n ń wò hàn pẹ̀lú. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ògiri náà là sí ojú fèrèsé lọ́pọ̀lọpọ̀. Àlùfáà mùsùlùmí kan wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, oníṣòwò adìyẹ kan wà nínú tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn adìyẹ, tọkọtìyàwó kan ń jà nínú tiwọn, ọkùnrin kan ń jẹ ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà ni fèrè ọkọ̀ adóòlà bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ọ̀nà jíjìn, ó ń súnmọ́, ó ń pọ̀ sí i, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń gbọ̀n. Àlùfáà gbé ọwọ́. Oníṣòwò adìyẹ gbé ọwọ́. Tọkọtìyàwó dá ìjà dúró, wọ́n jọ gbé ọwọ́. Ẹni tí ń jẹ ẹ̀pà da ẹ̀pà nù. Gbogbo ọwọ́ yí po orí bí ẹni pé olórin kan ṣoṣo ló ń darí wọn. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ funfun náà kún ojú ògiri láti òkè délẹ̀, ó ń bọ̀ gbuurugbu. Bí ó ti ń kọjá, wọ́n rí ẹsẹ̀ kékeré méjì lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ilé ìwé ní ọ̀kan, tí èkejì wà ní ìhòòhò.

Adájọ́ Àbẹ̀kẹ́ Olúmúyìwá fà sẹ́yìn. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni ó wí, ó yí ọwọ́ ọ̀tún po orí, ó sì ta ìka síwájú.

Àga rẹ̀ fò. Ó sá síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó kọlu tábìlì ìdájọ́ gbì, fìlà adájọ́ sì ṣí bo ojú rẹ̀.

"Olúwa mi," ni ohùn Ojú-Títì wí láti inú ògiri, "pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ti sáré ju bí ó ti yẹ lọ nínú ilé ẹjọ́."

Ẹni kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó lè pa á mọ́ra mọ́. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín, Amòfin Akínlàlú ń fi agbádá nu omi ojú. Mojírádé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di àga tí ó wà níwájú rẹ̀ mú, ó ń wo adájọ́ bí ó ti ń tún fìlà rẹ̀ dé, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ohun tí ó wà láàrin òun àti Òkè-Keje àfi ohun tí yóò tẹnu ìyá náà jáde.

Adájọ́ jẹ́ kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì, ó sì ṣọ́ra fún wọn.

"Lórí eré àsápajúdé," ni ó wí, "mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀, àga mi náà sì ti jẹ́rìí. Arábìnrin yìí kò jẹ̀bi. Lórí ìpínyà ọkàn, òfin ní kí ọkàn awakọ̀ má ṣe kúrò lára àwọn tí ó wà lójú títì. Ọmọ tí ó wà nínú ọkọ̀ adóòlà yẹn ńkọ́? Ṣé ojú títì kọ́ ni òun náà wà ni? Nínú gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni ó nílò ọkàn ẹlòmíràn jù lọ. Ọkàn arábìnrin yìí kò ṣáko. Ó wà níbi tí ó yẹ kí ó wà."

Ó ní kí wọ́n dá eré padà fún gbogbo àwọn tí ó gba ìtanràn ìgbín lórí ọ̀ràn ọjọ́ náà. Ojú-Títì wí pé òun gbọ́, òun sì tẹrí ba, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rán ilé ẹjọ́ létí pé àwọn ọkọ̀ kò tíì gbọ́. Bí ọkọ̀ adóòlà mìíràn bá gòkè lọ́la, gbogbo wọn ni yóò tún sáré. Adájọ́ ro ọ̀rọ̀ náà, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ gbogbo ọkọ̀ ìlú ní ìtumọ̀ ọwọ́ náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Àwòdì, nítorí ọkọ̀ tí a kò kọ́ kò gbọdọ̀ gun afárá tuntun.

Oòrùn ti ń gun òkè. Gbogbo èrò rọ́ jáde sí àgbàlá, wọ́n yí Àwòdì ká bí ìyàwó tuntun. Ọkọ̀ náà béèrè pé kí ni ọwọ́ náà túmọ̀ sí. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Oníṣòwò adìyẹ ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ni òun máa ń fi tì í lẹ́yìn. Àlùfáà ní Àúsùbíláì ni tòun. Ìyá kan ní orí ẹni ni a ń ké pè, pé kí ó ti ibi kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ẹnìkan tún ní kì í ṣe tara ẹni, ti aláìsàn ni, àwọn méjì sì fẹ́ di ara wọn lọ́rùn mú lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀," ni Àwòdì wí, "ọwọ́ yín jọra. Kí ni kí èmi ṣe nígbà tí mo bá rí i?"

Mojírádé ní kí ó rọra. Ọkọ̀ béèrè pé bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó gbé ọwọ́, tí kì í ṣe ọ̀gá òun ńkọ́. Kí Mojírádé tó ronú, Amòfin Akínlàlú, tí ayọ̀ ti ń pa bí ọtí, na ìka sókè.

"Ẹnikẹ́ni ìbáà gbé e, rọra," ni ó wí. "Bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́wàá, rọra lọ́nà mẹ́wàá."

Gbogbo wọn yìn ín. Wọ́n ní ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Mojírádé wọ ọkọ̀, ó na ìka síwájú, Àwòdì sì gbéra bí ọfà, ó gba Òkè-Kẹrin, ó gba Òkè-Karùn-ún, atẹ́gùn ń súfèé létí rẹ̀, ó sì ń kọrin láìmọ̀.

Ní etí ọ̀gbun Òkè-Kẹfà, èrò ti pọ̀ ju koríko lọ. Afárá náà nà jáde síwájú wọn, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, lórí kùrukùru, kò sì sí òpó kan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà gbé ọwọ́ Mojírádé sókè kí gbogbo ayé lè rí i pé ó mọ́. Wọ́n sọ fún un pé eré ni wọ́n kọ́ afárá náà fún, pé kí ó fi eré là á, kí ojú Òkè-Keje lè rí i pé ọ̀nà jíjìn ti dópin. Ó wọlé. Ó na ìka. Àwòdì bẹ́ síwájú, imú rẹ̀ wọ inú kùrukùru, ọ̀gbun sì là sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn èrò rí ọmọ wọn lórí òfìfo. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Gbogbo wọn, láti orí arúgbó dé orí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mú fún, yí ọwọ́ po orí, wọ́n ta ìka, wọ́n ní jàǹbá kò ní ṣe é.

Àwòdì rọra. Mojírádé na ìka síwájú, ó tún nà án. Ọkọ̀ náà túbọ̀ ń rọra.

"Ọ̀gá mi," ni ó wí, "àdúrà pọ̀ lọ́nà."

Ó wo ẹ̀yìn, ó rí igbó ọwọ́ tí ń yí po. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó ti inú rẹ̀ wá. Bí ọkọ̀ ti wá ń lọ bí ẹni tí ń gbé omi lórí, ẹni àkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan tẹ afárá, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń yọjú wo ọ̀gbun, wọ́n ń tún gbé ọwọ́. Bàbá kan tí ó wà nítòsí fèrèsé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n bá a ti ọkọ̀ náà.

Nígbà tí kùrukùru ká, ó rí ìyá àgbà rẹ̀ lórí àpótí ní ìkángun afárá, láàrin àwọn ará Òkè-Keje. Arúgbó náà gbé ọwọ́ sí ojú, ó wò, ó mọ ẹni tí ń bọ̀. Ó sì gbé ọwọ́ gbígbẹ kan sókè, ó yí i po orí, ó ta ìka, gbogbo àwọn tí ó yí i ká sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwòdì dúró pátápátá.

Mojírádé bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí kò gbọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù afárá náà, ní iwájú gbogbo ìlú, títí ó fi dé Òkè-Keje.

Ìyá àgbà wò ó láti orí dé bàtà. Ó wo ọkọ̀ tí ó dúró sẹ́yìn. Ó tún padà wò ó.

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ òkìkí afárá yìí," ni arúgbó náà wí, "ẹsẹ̀ náà lo tún fi wá?"

Mojírádé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti kí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀.